Ẹni Tó Ṣí Ẹnu Àgbá

Ìgbànú tó já náà ti wà lórí tábìlì Ìyá Ẹ̀sọ̀ nínú ọ̀rá láti ọjọ́ Ajé. Akunlé kan ló dè é mọ́ ìdí nígbà tó ń kun ẹ̀yìn ilé alájà méje. Ìgbànú já, akunlé bọ́. Kò kú, ṣùgbọ́n àwọn dókítà sọ pé láti ìbàdí rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ̀ mọ́ bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Ẹ̀sọ̀ mú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó tẹ̀ mọ́ ojú ibi tó já. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn ará àgọ́ fún un ní orúkọ yẹn nítorí pé kì í kánjú, kì í pariwo, kì í sì í gbàgbé. Ìbọ̀sẹ̀ tó wọ̀ tutù. Èyí tó wọ̀ lánàá náà tutù. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni òjò ti ń rọ̀, ó ń kà á, aṣọ tó sá sínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ṣì wà lórí okùn, ó ń rùn bí ẹni pé ajá tútù ló sùn sínú rẹ̀.

Bí ọ̀bẹ bá gé okùn, ojú ibi tó gé á dọ́gba. Èyí kò dọ́gba. Fọ́nrán kan gùn, èkejì kúrú. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ha ògiri títí tó fi já, òwú ike ni, ìbá ti yọ́, ìbá sì ti lẹ̀ pọ̀. Kò sí èyí tó yọ́ níbẹ̀. Ìgbànú náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n rà á. Kò sí ẹni tó gé e, kò sì gbó. Òwú yẹn ni kò lágbára láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é.

Nọ́ńbà tó wà lára ìgbànú náà ti sọ ibi tí wọ́n ti ṣe òwú rẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn ojú irin. Máníjà ibẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kí ọlọ́pàá wá bá òun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun fúnra rẹ̀ ló fa òṣìṣẹ́ kan lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà pé ẹni tó ba òwú jẹ́ nìyí. Gàgàrà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ó ga débi pé ó máa ń tẹ orí ba kó tó wọlé.

Ó tẹ orí ba wọ yàrá ìbéèrè náà. Ìyá Ẹ̀sọ̀ bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní àgbá ìgbóná ni òun ń ṣọ́ ní ṣíìfù ọ̀sán. Ó bi í bóyá ó da nǹkan mìíràn mọ́ hóró ike tó wà nínú àgbá náà, ó ní rárá. Ó bi í pé ta ló wá ba òwú jẹ́, ó wo ilẹ̀. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n wà nínú ọ̀ràn yìí, ó ní òun mọ̀. Ìgbà tí obìnrin náà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nílé tó ń wo ojú rẹ̀ ló tó gbé orí sókè.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe ẹ̀wọ̀n mi. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.”

“Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí,” ni Ìyá Ẹ̀sọ̀ wí. “Mo ti rí ẹni tó sunkún, mo ti rí ẹni tó dákú. Mi ò tíì rí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀wọ̀n bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́.”

Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un padà.

*

Ọ́fíìsì máníjà gbẹ, ó sì móoru. Ìyá Ẹ̀sọ̀ fẹ́ràn ìjókòó ibẹ̀ ju máníjà lọ. Ọkùnrin náà ti to ẹ̀rí sílẹ̀ bí ẹni to ọjà. Ó ní lẹ́yìn tí ìyàwó Gàgàrà kú sórí ìkúnlẹ̀ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ó tọrọ ìsinmi oṣù kan, iléeṣẹ́ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, ó sì dúró ní gbangba ó ní Ọlọ́run á bi wọ́n. Ó ní ìbínú yẹn ló ń jà. Ó ṣí ìwé iṣẹ́ sí iwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka. Òwú tí wọ́n fi hun ìgbànú yẹn, ṣíìfù ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, orúkọ Gàgàrà ló sì wà níwájú rẹ̀.

“Ìwé kì í purọ́, màdáámù.”

“Ìwé kì í sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Èèyàn ló ń kọ ọ́.”

Ìyá Ẹ̀sọ̀ kọ aago náà sílẹ̀. Nígbà tó ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ ń rìn lórí tábìlì bí ó ti máa ń ṣe. Fáìlì búlúù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n dọ́gba, àfi èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ti fi síṣọ́ọ̀sì gé igun kan kúrò lára páálí rẹ̀, ó tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Ó rò pé ọkùnrin yìí kò jọ ẹni tí í gé fáìlì. Ó fi èrò náà pamọ́ síbi tó máa ń fi irú rẹ̀ pamọ́ sí.

Láti ibẹ̀, ó gba yàrá ìdánwò lọ. Obìnrin sísanra kan ló wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìwọ̀n, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa òwú títí yóò fi já, kó sì kọ ìwọ̀n ẹrù tó já a. Ó wo bàtà Ìyá Ẹ̀sọ̀, ó ní kó bọ́ ọ, ó ní ẹsẹ̀ ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ hu olú. Ó fi hóró ike kan lé e lọ́wọ́, funfun, kò tó èékánná ọmọdé.

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí ẹni tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àlejò rí. Wọ́n á da hóró yìí sínú Àgbá, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá fún wákàtí mẹ́fà títí gbogbo ọ̀rinrin inú rẹ̀ á fi gbẹ. Wọ́n á ṣí ẹnu Àgbá nísàlẹ̀, hóró á bọ́ sínú iná, á yọ́. Wọ́n á tì í gba ojú asẹ́ irin tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, á jáde ní òwú. Wọ́n á wá fà á títí yóò fi gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Fífà yẹn ló ń fún un lágbára, bí ìyà ṣe ń fún àwọn kan.

“Bí hóró kò bá gbẹ ńkọ́?”

“Bó bá ti yọ́, omi inú rẹ̀ á máa gé e wẹ́wẹ́ láti inú. Ojú ò ní rí i. Òwú á funfun, á dán, ẹ máa fẹ́ fi rán aṣọ ìyàwó. Ọjọ́ tí ẹrù bá gùn ún ló máa jẹ́wọ́.”

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fi òwú kan pamọ́ sínú àpótí, ṣùgbọ́n ti wákàtí àkọ́kọ́ nínú ṣíìfù nìkan ni wọ́n máa ń dán wò. Láti àná ni Ìyá Ìwọ̀n ti ń dán gbogbo yòókù wò, ọwọ́ ń ro ó. Èyí tó dára ń gbé kílò mẹ́sàn-án kó tó já. Gbogbo ti àárọ̀ gbé mẹ́sàn-án. Ti ọ̀sán, wákàtí àkọ́kọ́ gbé mẹ́sàn-án. Láti aago mẹ́ta lọ, ó ń já ní márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún gbáko ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, nítorí pé ó fẹ́ràn Gàgàrà.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ fi hóró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àpò.

“Wákàtí mẹ́fà lẹ ní ó ń lò nínú Àgbá. Èyí tí wọ́n fi ṣe òwú aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìgbà wo ló wọlé?”

“Aago méje àárọ̀. Ní aago kan, ó ti ṣe tán, ṣùgbọ́n ti àná tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀pá la ó kọ́kọ́ lò tán, ìyẹn máa ń gbé wa dé aago mẹ́ta.” Ó gbé ọwọ́ lé àyà. “Yéè. Àárọ̀ ló ń gbẹ ẹ́.”

“Kí ló dé tí orúkọ Gàgàrà fi wà níbẹ̀?”

“Ẹni tó ṣí ẹnu Àgbá ló ni òwú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́.”

Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣùgbọ́n Gàgàrà ń ṣọ́ Àgbá náà. Ó mọ̀ ọ́n ju Ìyá Ìwọ̀n lọ. Gbólóhùn kan péré, pé àárọ̀ ni wọ́n gbẹ hóró yẹn, òun kọ́ ni òun gbẹ ẹ́, ì bá ti mú un jáde nínú àhámọ́ láti àná. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ń fi irọ́ gba ara wọn là. Èyí ní òótọ́ lẹ́nu, ó gbé e mì. Ènìyàn kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ara rẹ̀.

Ó béèrè ẹni tó ń ṣọ́ Àgbá ní àárọ̀. Ìyá Ìwọ̀n ní Bàbá Àárọ̀ ni, ọdún méjìlélógún ló ti fi wà lórí ṣíìfù náà, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kò wá sí iṣẹ́ lónìí. Láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀, kò pa iṣẹ́ jẹ rí, àfi ọjọ́ tó sin ọmọ rẹ̀ obìnrin.

*

Kò sí ìdí láti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a lọ. Nígbà tó padà dé àgọ́, Bàbá Àárọ̀, arúgbó kan, wà lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, àpò ọ̀rá kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun mú ẹ̀wù wá fún àna òun tó wà nínú àhámọ́. Ó ní ọkọ ọmọ òun ni, ọmọ òun ló kú sórí ìkúnlẹ̀, ohun tó fi sílẹ̀ nìyí. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sẹ́yìn, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìdí ọmọ.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ jókòó tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni arúgbó náà sọ bí àwọn ọkùnrin méjì ṣe ń tọ́ ọmọ kan. Ní àárọ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní aago méjì, Gàgàrà á gbé e wá sẹ́nu géètì iléeṣẹ́. Òun á jáde, á gba ọmọ. Gàgàrà á wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n ní láti sọ fún ara wọn lóòjọ́: ó mu wàrà, kò mu, ó húkọ́. Ní báyìí tí wọ́n ti ti ọ̀kan mọ́lé, kò sẹ́ni tí òun máa gbé ọmọ fún kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Aládùúgbò tó bá òun mú un lánàá ti ní ó tó.

Ọmọ náà tọ̀. Arúgbó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wá ìlédìí nínú àpò, Ìyá Ẹ̀sọ̀ sì bá a mú ẹsẹ̀ ọmọ dání. Ìlédìí aláṣọ ni, wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó fi fẹ́lẹ́. Méjì ló kù. Ìyá Ẹ̀sọ̀ gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a ṣẹ́ ẹ po, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Ó gbẹ bí ìwé. Ó gbé e sún mọ́ imú. Kò rùn bí gbogbo aṣọ inú ìlú náà ṣe ń rùn. Òórùn tó gbọ́ lára rẹ̀ ni òórùn ike gbígbóná tó wà lára hóró tó fi sínú àpò rẹ̀.

“Bàbá,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, “níbo lẹ ti rí oòrùn?”

Arúgbó náà gba ìlédìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so ìlédìí náà fún ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó fún ọ̀já le. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ń wo ojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀, láti ìbéèrè sí ìlédìí, láti ìlédìí sí ìgbànú, títí tó fi kan akunlé.

“Ẹ jẹ́ ká lọ,” ni arúgbó wí. “Mo máa fi hàn yín.”

*

Yàrá kékeré kan ló wà lẹ́yìn Àgbá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ó gbóná débi pé ìbọ̀sẹ̀ Ìyá Ẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Okùn kan nà láti ògiri dé ògiri, òwú iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ lónìí. Ó lọ sídìí asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ó fi èékánná họ ojú rẹ̀. Nǹkan funfun bí ìyẹ́ wálẹ̀, ó rọ̀ bí irun ológbò.

Ó tan ìṣáná sí i. Òwú ike ì bá ti yọ́, ì bá di ẹ̀kán dúdú kan. Èyí jó lójú ẹsẹ̀, ó rùn bí ìwé tó ń jó, ó sì di eérú tó fò lọ. Òwú inú oko ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìlédìí aláṣọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ iléeṣẹ́ yẹn, wọn kò ran òwú oko rí níbẹ̀.

“Èmi ni,” ni arúgbó wí. “Gàgàrà á fọ̀ ọ́ kó tó sùn, mo máa gbé e wá ní tútù. Mọ́kànlá ni. Ọmọ ti bó nídìí, mo ti sá a sórí ìbùsùn, mo ti sá a sórí ara mi. Kò gbẹ.”

“Ẹ mọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ hóró.”

“Ta ló máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ?” Ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí agolo irin ńlá kan wà láàárín yàrá náà àti Àgbá, pẹ̀lú dígí róbótó kan lára rẹ̀. Ó ní iyọ̀ ló wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Gbogbo afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, á sì fa omi rẹ̀ mu. Bó bá ṣì ń mu, búlúù ni. Bó bá ti yó, á pọ́n rúsúrúsú, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. “Mi ò sá ìlédìí kan rí láìkọ́kọ́ wo dígí yìí. Ẹ wò ó. Búlúù ni.”

Búlúù ni lóòótọ́. Ìyá Ẹ̀sọ̀ tẹ ojú mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ́ iyọ̀, wóró wóró ló yẹ kó rí. Búlúù yìí tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri, igun rẹ̀ kan sì ti ń ká. Ó sì ti rí àwọ̀ náà lónìí, lórí tábìlì kan nínú ọ́fíìsì tó gbẹ.

Máníjà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ agolo náà. Ó pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, páálí kan bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn dígí, ó tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́. Iyọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní kí wọ́n gbé fáìlì ìsàlẹ̀ wá, ó fi páálí náà sí igun rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ bí eyín ṣe ń wọ eyín. Nínú fáìlì yẹn kan náà ni ìwé kan wà tí máníjà buwọ́ lù ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, pé wọ́n ti pààrọ̀ iyọ̀.

Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní iyọ̀ tuntun ṣì wà nínú ọkọ̀ lórí omi, ó ní àwọn oníbàárà ń dúró, ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni, ó ní ta ló mọ̀ pé ẹnìkan máa lọ sá ìlédìí síbẹ̀. Ìyá Ẹ̀sọ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ẹ ní ìwé kì í purọ́,” ló wí. “Ẹ mú kóòtù yín, òjò ń rọ̀.”

*

Wọ́n tú Gàgàrà sílẹ̀ kó tó di aago méjì. Ìyá Ẹ̀sọ̀ bi í pé ìgbà wo ló mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ ìgbànú ni. Òun ló ń fọ ìlédìí, òun mọ ibi tó ti ń gbẹ. Òun rò pé omi ìlédìí ló pọ̀ ju ohun tí iyọ̀ lè mu lọ.

“Bí ẹ bá mú mi, Bàbá á tọ́ ọmọ. Bí ẹ bá mú Bàbá, ó máa kú síbẹ̀.” Ó gbé èjìká. “Mo ṣírò rẹ̀ ni.”

Lábẹ́ ìloro àgọ́, arúgbó náà tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé Gàgàrà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́nu géètì. Ó ní ó mu wàrà, kò húkọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì dúró, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀. Fèrè aago méjì dún láti ẹ̀yìn ojú irin.

Arúgbó padà wọlé tọ Ìyá Ẹ̀sọ̀ lọ. Ó ní kó kọ orúkọ òun sínú ìwé ẹjọ́ náà, òun kò fẹ́ kí ó fò ó nítorí ọmọ.

“Mi ò ní fò ó,” ni Ìyá Ẹ̀sọ̀ wí. “Mo máa kọ ìlédìí mọ́kànlá. Mo máa kọ ọ́ pé ẹ kọ́kọ́ wo dígí, ẹ rí búlúù, mo sì máa kọ ẹni tó fi búlúù síbẹ̀. Ohun tí adájọ́ bá rí níbẹ̀, òun ló rí i. Ẹ padà wá lọ́la, Bàbá. Ẹ mú agbẹjọ́rò dání.”

“Akunlé yẹn ńkọ́?”

“Ó ṣì wà ní ilé ìwòsàn.”

Arúgbó béèrè orúkọ ilé ìwòsàn náà. Ìyá Ẹ̀sọ̀ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé fún un, arúgbó ṣẹ́ ẹ po ní ìgbà mẹ́rin, ó fi sínú àpò àyà, ó sì jáde.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó fún un, omi kán sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀rọ rédíò àgọ́ ń kùn jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná bí ó ti máa ń gbóná, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lára rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti gba ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti tẹ́ wọn síbẹ̀, ó ti jókòó, ó ti fa ìwé sún mọ́ra, ó ti kọ ọjọ́ òní sókè rẹ̀, kó tó gbé ojú sókè.

Ó rí wọn níbẹ̀, tútù, lójú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ, bí ìlédìí mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kó wọn kúrò níbẹ̀, ó sì wọ̀ wọ́n padà ní tútù.